Ọjọ́ tí mo tọ odò lọ sókè

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú ọ̀tún mi kúrò nílé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó rí mi tí kì í sọ pé kí n jókòó. Bí mo bá dìde láti gbé ìkòkò kaná, ọkọ mi á ní, "Jókòó." Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ládùúgbò Rio, obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á ti fa àga síwájú mi kí n tó kí i tán, á ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yọ mí kúrò láàárín àwọn akọrin láìbi mí, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ sí mi. Olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ló ṣètò rẹ̀. Ó ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ sùn, ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣe tiyín. Ó tó gẹ́ẹ́."

Mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ta ló sọ fún un pé mo ti ṣe tèmi?

Wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ àìsàn náà. "Àìsàn yẹn" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀ bíi pé ó wà nínú yàrá kejì tó ń tẹ́tí sí wọn. Jẹjẹrẹ ni. Ó bá mi jà, èmi náà bá a jà, mo ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é lórúkọ níwájú wọn, wọ́n á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," bí ẹni pé kò tíì ṣẹlẹ̀.

Àdúgbò PK8 là ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ N1, níbi tí àwọn ọkọ̀ agbégi ti máa ń kọjá tọ̀sán tòru pẹ̀lú igi tí ìbú rẹ̀ ju ìdúró ènìyàn lọ. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí mo bá ọkọ mi wá sí Libreville, olú ìlú Gábọ̀n. Iṣẹ́ fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń ṣe, ó ṣì ń ṣe é títí di òní. Ìlú yìí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò wọ inú igbó Gábọ̀n rí. Mo máa ń rí i lójú wíńdò ọkọ̀, bó ṣe dúdú lọ tó sì ga lọ, mo sì gbà pé ti ẹlòmíì ni.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ igbó wọlé. Ọ́fíìsì kan láàárín ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́. Faransé ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi tipátipá bá mi sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo dùbúlẹ̀ tí mo ń wo àjà, ó jókòó sẹ́bàá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Odò kékeré kan ni, tó ń sáré wálẹ̀ láàárín àwọn òkúta dúdú, tó ń hó, tó ń fò, tó ń ta sára igi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn yí ẹrẹ̀ dé itan.

Mo bi í pé, "Kí lẹ lọ wá débẹ̀?"

"A kàn ń rìn, Maman."

"Ẹ ń rìn lọ síbo?"

"Sókè. A máa tọ odò náà lọ títí dé ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ látorí àpáta. Tá a bá débẹ̀, a máa wẹ̀, a máa jẹun, a máa pa dà."

"Kò sẹ́ni tó rán yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó rán wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti kékeré ni mo ti ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló máa ń rán mi ní gbogbo ìgbà. Mo rìn lọ pọnmi, mo rìn lọ sọ́jà, mo rìn lọ gbé ọmọ nílé ìwé, mo rìn lọ sílé ìwòsàn. Mi ò rìn rí kìkì nítorí pé mo ní ẹsẹ̀.

Mo ní, "Màá bá yín lọ."

Ó tún rẹ́rìn-ín, ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì kú. "Maman, rárá. Apá yín ńkọ́? Ẹ ò lè gbé e ga."

"Àyà ni wọ́n là. Wọn ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi lọ bá dókítà, ó rò pé dókítà á bá òun dá mi lẹ́kun. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó ní ìrìn dára fún mi, pé kí n má ṣáà fi apá ọ̀tún gbé ẹrù tó wúwo. 

Ọkọ mi ló kù. Kò pariwo, kì í pariwo. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹ̀rọ tí kò mọ ibi tó ti bàjẹ́, ó ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe nínú igbó?" Mo ní mo fẹ́ lọ rìn ni. Ó ní kí n máa rìn nínú ọgbà. Mo ní mo ti mọ ọgbà náà. Ó wá fi ọ̀rọ̀ náà sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ládùúgbò Batterie IV, ẹni tí gbogbo ẹbí kà sí baba fún wa nílùú yìí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù mi dún.

"Ìyàwó," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí, "mo gbọ́ pé o fẹ́ máa bá àwọn ọmọdé sáré kiri inú igbó."

"Rírìn ni, Bọ̀dá. Mi ò ní sáré."

"Erin wà níbẹ̀."

"Èmi àti erin ò jà, sà."

"Ṣé eré lò ń bá mi ṣe? Tí nǹkan bá ṣe ọ́ níbẹ̀, kí la fẹ́ sọ fáwọn èèyàn yín nílé?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ibi tí mo ti ń gbádùn ara mi ló ti ṣe mí."

 Ó ní òun ò fọwọ́ sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó pè. Lọ́jọ́ kejì, mo fa aṣọ kàkí jáde lára èyí tí mo fi ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, mo gé ṣòkòtò fún ara mi. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í wọ ṣòkòtò. Ó pẹ́ kí n tó gé e tán, torí apá mi máa ń gan bí mo bá di àlùmọ́gàjí mú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bá mi gé e.

Àárọ̀ Sátidé ni mọ́tò wá gbé wa lẹ́bàá títì ní PK8. Àwa bíi mẹ́wàá la wà nínú rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ mi níbi iṣẹ́ ni gbogbo àwọn yòókù, wọn ò ju òun náà lọ lọ́jọ́ orí. A kọjá ìlú Ntoum, a sì lọ jìnnà kí a tó yà kúrò lójú títì, a gba ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tó ń gbọ̀n wá bí ẹni ń ku èlùbọ́. Àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kùrukùru sì bò wọ́n lórí. Níbi tí ọ̀nà ti tán, ọkùnrin kan ń dúró dè wá, ará abúlé kan nítòsí ni, ẹ̀yà Fang ni. Ó kúrú, ó sanra, ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú àdá lọ́wọ́. Òun ló máa ṣíwájú wa.

Ó wo gbogbo wa, ojú rẹ̀ sì dúró lára mi. Ó bi ọmọ mi ní Faransé bíi pé mi ò sí níbẹ̀, ó ní, "Màmá yìí ńkọ́? Ṣé inú mọ́tò ló máa dúró sí?"

Faransé tí mo fi ń pe àwọn oníbàárà ní Rio ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Màmá yìí ti rí mọ́tò rí."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà họrí. Ó ní, "Ó dáa. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ."

"Bó bá rẹ ìwọ náà, sọ."

A bẹ̀rẹ̀ sí rìn. A ti ń gbọ́ ohùn odò náà kí a tó rí i, ó ń hó lábẹ́ igi bí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí a rí i, mo dúró. Fídíò yẹn ò sọ òótọ́ rárá. Omi náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi tíì níbi tó ti rọra ń lọ lábẹ́ òjìji, ṣùgbọ́n níbi tó ti kọ lu òkúta, ó di funfun, ó ń fò sókè, ó ń wó lulẹ̀, ó tún ń dìde. Ilẹ̀ pàápàá ń gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Ọ̀nà wa ò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì lọ. Ó ń gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, gbòǹgbò igi ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n nà jáde bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà. Ẹrẹ̀ ń fa bàtà wa, tí a bá sì yọ ọ́, ó máa ń dún bí ẹni ń fẹnu mu ọbẹ̀. Àwọn kòkòrò wínníwínní tí wọ́n ń pè ní fúrú ò jẹ́ ká rímú mí, wọ́n ń jẹ wá létí, wọ́n ń jẹ wá lọ́rùn. Lójú kan, a bá ìgbẹ́ erin tó ṣì tutù lójú ọ̀nà. Ọkùnrin alábúlé náà fi àdá tọ́ka sí i, ó sọ pé erin náà ti lọ. Mo rántí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú.

Ohun kan dùn mọ́ mi gidi nínú ìrìn yẹn. Ariwo omi náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè bá mi sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè bi mí pé, "Ṣé ara le?" Mo kàn ń gbé ẹsẹ̀ ni, mo ń mí, òógùn ń bọ́ lójú mi.

Ibi tó ń dà mí láàmú ni abẹ́ ẹ̀wù mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwòsàn ni mo ti ń wọ ọmú onífóòmù kan tí wọ́n bá mi rà, kí àyà mi lè dọ́gba. Òógùn ti mu ún yó. Ó ń ha ojú àpá mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé apá. Mo mú un mọ́ra.

Kò pẹ́ kò jìnnà, a dé ibi tí a ní láti sọdá. Igi ńlá kan ló wó lórí odò náà, òun ni afárá. Ọkùnrin alábúlé náà kọ́kọ́ kọjá, ó so okùn mọ́ igi lódì kejì, ó ní ká máa di okùn náà mú. Ọmọ mi kọjá, àwọn kan tẹ̀ lé e, ó kàn mí. Mo rìn dé àárín. Ewéko yíyọ̀ bo ara igi náà, apá ọ̀tún mi ló sì wà níhà okùn. Bàtà mi yọ̀. Mo nawọ́ sí okùn, apá mi ò gòkè tó. Mo ṣubú.

Omi náà ò ju ìbàdí lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kọjá tèmi. Ó gbé mi, ó sọ egungun ojúgun mi mọ́ òkúta, ó wọ̀ mí nímú àti lẹ́nu. Mi ò lè sọ bó ṣe tutù tó. Ẹnìkan gbá mi mú lọ́rùn ẹ̀wù, ọkùnrin alábúlé náà ni, ó ti bẹ́ sínú omi. Ó fà mí jáde sódì kejì bí ẹni ń fa àpò ìrẹsì. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára ẹsẹ̀ mi. Ọmọ mi kúnlẹ̀ tì mí, ó ń sunkún.

Ọkùnrin náà ń mí helehele. Ó ní, "Ó tán. Màmá máa pa dà."

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ti ń ráhùn pé ó rẹ òun láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà yára sún mọ́ mi, ó ní, "Màmá, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa pa dà. Màá bá yín jókòó dè wọ́n nínú mọ́tò."

Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ "jókòó" yẹn, nǹkan kan gbóná nínú mi tí omi tútù náà ò lè pa. Mo nu ojú mi. Mo ní, "Rárá."

Ọmọ mi fọwọ́ gbá ọwọ́ mi mú. "Maman, mo bẹ̀ yín. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn, kí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ tàwa méjèèjì. Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá yí pa dà níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n jáde mọ́. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa fi mí sí títí wọ́n á fi gbé mi lọ sin. Ẹ̀jẹ̀ lásán lèyí. Bá mi wá nǹkan dì í."

 Mi ò mọ iye Yorùbá tó yé e nínú rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó tú gèlè kékeré tí mo dì mọ́rí, ó fi di ojúgun mi dan-in dan-in. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró níwájú ọkùnrin alábúlé náà, ó sì ga jù ú lọ dáadáa. Ó ní, "Màmá mi ń lọ sókè."

Ọkùnrin náà wo èmi, ó wo òun, ó gbé àdá rẹ̀ nílẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà náà kàn ń le sí i ni. Odò náà wọ inú àfonífojì tóóró kan, àwa náà ní láti máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi rẹ̀ sì ń ta sí wa lójú. Nígbà tó yá, àpáta kan dí ọ̀nà, ó ga ju mí lọ, okùn kan sì rọ̀ sílẹ̀ láti òkè rẹ̀. Àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, wọ́n gùn ún bí ọ̀bọ. Mo gbìyànjú tèmi. Apá ọ̀tún kọ̀. Mo tún gbìyànjú, ó tún kọ̀. Gbogbo wọn ń wò mí látòkè.

Mo ní, "Ẹ kúrò lójú mi jàre."

Mo kẹ̀yìn sí àpáta náà. Mo fi ìdí lé orí pẹpẹ kékeré kan lára rẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì ti ara mi sókè, mo fi ẹsẹ̀ ti ara mi, mo tún fi ìdí lé ibi tó ga sí i. Ọkùnrin alábúlé náà wá sábẹ́ mi, ó fi èjìká ti àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Báyìí ni mo ṣe fi ìdí gun àpáta, bí ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ṣòkòtò mi fàya lẹ́yìn. Nígbà tí mo dókè, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín àfi èmi.

Ibi tí omi ti ń já kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Àpáta dúdú ni, ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, omi ń dà láti orí rẹ̀ sínú kòtò ńlá kan. Àwọn ọkùnrin lọ sẹ́yìn àpáta kan lọ wẹ̀ níbi tiwọn, àwa obìnrin dúró síbi tiwa. Mo jókòó, mo fọwọ́ bọ inú ẹ̀wù, mo sì yọ ọmú onífóòmù náà jáde. Omi ti kún inú rẹ̀, ó wúwo bí akísà ìnulẹ̀. Mo fún un, omi dà jáde lára rẹ̀ ṣoroṣoro. Ọmọbìnrin tó ń ráhùn yẹn lanu sílẹ̀.

Ó ní, "Màmá, kí nìyẹn?"

Mo ní, "Ọmú mi ni. Ó ti rẹ òun náà."

Mo sá a sórí òkúta kí ó lè gbẹ. Mo ró aṣọ tí ọmọ mi gbé dání mọ́ ìbàdí, mo bọ́ ẹ̀wù, mo wọ inú omi lọ. Ọmọ mi tẹ̀ lé mi. Kò rí ojú àpá náà rí. Mo ti ń fi pa mọ́ fún un, èmi pẹ̀lú ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ tí mo máa ń tì. Ó wò ó báyìí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láti abẹ́ apá títí dé àárín àyà. Ó na ìka rẹ̀, ó dúró.

"Fọwọ́ kàn án," ni mo wí.

Ó fọwọ́ kàn án. "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí. Ó tutù."

A rìn dé abẹ́ ibi tí omi ti ń dà gan-an. Ó ń lu orí wa, ó ń lu èjìká wa, ó ń lu ojú àpá mi. Ariwo náà pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Mo wá lanu, mo pariwo pẹ̀lú gbogbo ohùn tí mo fi ń kọrin kí wọ́n tó yọ mí, mo ní, "Mi ò jókòó! Mi ò jókòó!" Ọmọ mi rí ẹnu mi. Ó sún mọ́ mi, ó gbọ́ ọ, òun náà sì ń pariwo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn Faransé rẹ̀, "Mi ò jókòó!" láìmọ àmì ohùn tó yẹ, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí la gbọ́ igbe látẹ̀yìn wa. Omi tó ń ta káàkiri ti gbá ọmú onífóòmù náà kúrò lórí òkúta. Ó bọ́ sínú odò, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba àárín òkúta méjì lọ. Ọmọ mi fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀."

"Maman, ẹ máa nílò rẹ̀!"

"Fún kí ni?"

A dúró, à ń wò ó bó ṣe ń fò, bó ṣe ń rì, bó ṣe ń yọ, títí ó fi ré kọjá. Ọmọbìnrin tó ń ráhùn yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó lè mú ẹ̀rín náà mọ́ra mọ́. A jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú sàdíìnì, a jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n dì sínú ewé. Ọkùnrin alábúlé náà bù lára tirẹ̀ fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́, pé sísọ̀ kalẹ̀ le ju gígùn lọ. Òótọ́ ló sọ. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí a dé PK8. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níwájú ilé. Òun àti ọkọ mi wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ láìsí ohùn. Mo wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tó fàya, pẹ̀lú gèlè tí ọmọ mi dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, orúnkún mi sì dún.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá."

Ó ní, "Ìyàwó, ṣé bó ṣe yẹ kí abilékọ rí nìyí? Ṣé o wo ara rẹ nínú dígí? Gbogbo wa gbààwẹ̀ nítorí rẹ, gbogbo wa gbàdúrà, Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, o wá gbé e lọ sínú igbó lọ..." Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sí àyà mi. Ẹ̀wù mi tó tutù ti lẹ̀ mọ́ mi lára, ẹ̀gbẹ́ kan yọ, ẹ̀gbẹ́ kejì pẹlẹbẹ.  Ó wo ògiri, ó wo tẹlifíṣọ̀n. "Ìyẹn... kí ló ṣẹlẹ̀ sí..."

Mo ní, "Odò ti gbé e lọ, sà."

 Ohùn kan ló wá jáde láti orí àga ọkọ mi, mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni. Ẹ̀rín ni. Ó bo ẹnu, ó ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ èsì àyẹ̀wò fún wa. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó bi mí pé, "Ṣé omi ọ̀hún tutù?"

"Ó tutù ju fìríìjì èyíkéyìí tẹ́ ẹ ti tún ṣe rí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní àwa méjèèjì ti ya wèrè. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ṣeun àdúrà yín. Ṣùgbọ́n lóṣù tó ń bọ̀, mo tún ń lọ." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún wá kí wa, nígbà tó sì wá, kò dá ọ̀rọ̀ igbó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan pẹlẹbẹ. Mi ò ra òmíràn. Olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sáré wá pẹ̀lú ìborùn, ó fẹ́ fi bò mí láyà. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Màmá, àwọn èèyàn ń wò yín."

Mi ò rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Jẹjẹrẹ ló gbà á. Ẹ̀yin náà, ẹ délé, kí ẹ yẹ ara yín wò." Àwọn obìnrin tó wà nítòsí gbé ojú sá. Ó di ìborùn náà mú lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo lọ dúró sí àyè mi àtijọ́ láàárín àwọn akọrin. Wọ́n sún fún mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó gbé ojú sá yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun fẹ́ dín aṣọ kan kù, ṣùgbọ́n kò mú aṣọ kankan dání. Mo rán obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ ra òwú. Nígbà tó ku àwa méjì, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ọmú rẹ̀, nítòsí abẹ́ apá. Kókó kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n, kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún pásítọ̀. Ó ní ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ ló ń ba òun.

Mo ní, "Mo ti bá ọ pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Dìde, ká lọ."

Ọjọ́ náà gan-an la lọ bá dókítà. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tàn. Wọ́n yọ kókó náà nìkan, wọ́n fún un ní ìtọ́jú, ọmú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Èmi ò mọ ohun tí àyẹ̀wò mi tó ń bọ̀ máa sọ, mi ò sì ní jókòó tì í. Obìnrin náà pẹ̀lú ti ń bá wa lọ sókè odò báyìí. Ó máa ń ráhùn nípa fúrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé báàgì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, òun ló kọ́kọ́ dé orí àpáta yẹn, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. Mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.